Bí a ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́ ilé oúnjẹ olórúkọ ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ènìyàn bá rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní Lágéré tàbí Mayfair láti fi ṣí ẹ̀ka ilé oúnjẹ olórúkọ ńlá, táìlì, gíláàsì iwájú àti pátákó orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Àwọn ni oníbàárà ń rí. Ibi tí owó ń bá lọ gan-an ni abẹ́ ilẹ̀, inú ògiri àti òkè àjà.

Nínú ètò franchise, ìyẹn kí ènìyàn gba orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá láti fi ṣòwò, ẹni tó gba orúkọ lò ló sábà máa ń gbé owó iṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n olórúkọ ló ń pàṣẹ bí ilé yóò ṣe rí, láti orí àwọ̀ ògiri títí dé irú ẹ̀rọ ìdáná. Kí ìwé ìlànà rẹ̀ tó dé ọwọ́, kò sí ìṣirò tó lè dúró. Owó orúkọ àti owó háyà wà lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò wọn ilé. Ilé tí wọ́n ti ta oúnjẹ rí lè ti ní ojú omi ìdọ̀tí àti wáyà tó nípọn. Ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ kì í sábà ní wọn, a ó sì fọ́ ilẹ̀ kí a tó ri páìpù. Nítorí náà, ilé méjì tó fẹ̀ bákan náà ní òpópónà kan náà kì í gba iye kan náà.

Ìwọ̀n iṣẹ́ ni a ó fi iye owó ẹyọ kan sọ di púpọ̀. Ká ní ilẹ̀ tí a ó tẹ́ jẹ́ sùkúéà mítà 120. A ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí wọn yóò gé: 132. Páálí táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 tó ní ẹyọ mẹ́rin ń tẹ́ 1.44, nítorí náà páálí 92 ni rírà.

Iná ló yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù. Ẹ̀rọ ìdíndín méjì, kílówáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan: 18. Amúlétutù mẹ́fà, 1.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan: 9. Yàrá òtútù 4, fíríìsà 3, gílóòbù àti ìyókù 6. Àpapọ̀ kílówáàtì 40. Tí a bá fi 0.8, ìdá agbára jẹnẹrétọ̀ tó ń di iná tí a lè lò, pín in, ó di 50 kVA, ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tó ju 50 ló yẹ, nítorí ẹ̀rọ òtútù máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi gáàsì dín ẹran yóò yọ 18 kúrò, yóò sì fi owó páìpù gáàsì àti ilé sílíńdà kún un.

Èéfín òróró gbọ́dọ̀ ní fáànù àti ọ̀nà tó gba òrùlé jáde. Omi ìfọwo gbọ́dọ̀ gba inú àpótí tó ń sẹ́ ọ̀rá, kí ọ̀rá má baà dì sínú páìpù. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ohun tí a lè yọ láti fi dín owó kù, bó ti wù kí ọwọ́ le tó.

Ní ti bóhòlù, orí àpáta ni Ifẹ̀ wà, kì í ṣe gbogbo ibi tí a bá gbẹ́ ni omi wà. Owó àyẹ̀wò ilẹ̀ kéré jìnnà sí ti bóhòlù tó gbẹ.

Ẹ̀rọ òkè òkun ń bá dọ́là rìn, nítorí náà iye tí wọ́n kọ fúnni ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti di àtijọ́. Lórí àpapọ̀, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń fi sílẹ̀ fún ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀. Quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò ìwọ̀n àti owó iṣẹ́ ilé, ló yẹ kó to ìwé ìṣirò yìí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú ìlú yìí kan náà.

Ọjọ́ iṣẹ́ pàápàá lówó lórí. Háyà kì í dúró de bíríkìlà, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sì parí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé yóò máa san án láìtíì ta àwo kan.