Ohun tí ìdánwò PISA ń wọ̀n, àti ohun tí ìjọba lè fi èsì rẹ̀ ṣe

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba èsì tirẹ̀ nínú PISA, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń ṣe. Ọmọ á jókòó fún wákàtí méjì, á dáhùn ìbéèrè lórí ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, á padà sí kíláàsì rẹ̀, ó parí. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n ń dán wò.

OECD, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ajé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000, àwọn ọmọ ọdún 15 ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣa ọmọ nínú wọn. Lọ́dún 2022, nǹkan bí 690,000 ọmọ ló kópa láti orílẹ̀-èdè àti agbègbè 81. Ìbéèrè tí ọmọ kan gbà lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó tì í, nítorí náà àfi tí wọ́n bá pa èsì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ pọ̀ kó tó nítumọ̀.

Ipò kìíní, ipò kejì ni ìwé ìròyìn máa ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ máàkì díẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì lè máà tó nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù tí ọmọ ń kọ lẹ́yìn ìdánwò ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: irú iṣẹ́ wo ni òbí rẹ ń ṣe, ibo ni wọ́n kàwé dé, ìwé mélòó ló wà nílé yín? Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ilé ẹ̀kọ́ ń gbé ọmọ tálákà sókè, tàbí ó kàn ń fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n bí i sí.

Ohun tó dun Jámánì nìyẹn nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde ní December 2001. Máàkì 484 ni wọ́n gbà nínú ìwé kíkà, ìpíndọ́gba OECD sì jẹ́ 500. Èyí tó burú jù ni pé Jámánì wà lára ibi tí ipò òbí ti ń pinnu èsì ọmọ jù lọ. Ìpínlẹ̀ 16 tí kálukú ń darí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wá fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yàn. Ìjọba àpapọ̀ náà fi bílíọ̀nù 4 Yúrò sílẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ lè máa gba ọmọ títí di ọ̀sán. Máàkì wọn nínú ìṣirò gbéra láti 503 lọ́dún 2003 dé 514 lọ́dún 2012.

Ó tún já wá sí 475 lọ́dún 2022, ọdún tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè já wálẹ̀ lẹ́yìn Kòrónà. Láti August 2024, Jámánì ti ń ná bílíọ̀nù 20 Yúrò, fún ọdún 10, sórí ilé ẹ̀kọ́ bí 4,000 tí ọmọ aláìní pọ̀ sí jù.