Bí Àjàkálẹ̀ Àrùn Ṣe Ń Ba Ọjà Ìgbafẹ́ Jẹ́, Láti Ilé Sinimá Dé Ojúde Ọba

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù Kẹta tó parí, Ààrẹ Buhari ti kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá; ti Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, nítorí pé gómìnà tọrọ ọjọ́ díẹ̀ kí ará ìlú lè ra oúnjẹ sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí Sátidé kì í ti í lọ láìsí ìnáwó, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé èrò ìwòran ni àrùn náà gbà lọ́wọ́ àwọn adánilárayá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ọjọ́ ni ọjà tí wọ́n ń tà, kò sì sí ẹni tó lè kó Sátidé tó ti kọjá padà sórí àtẹ.

Ti fíìmù sàn díẹ̀, nítorí pé fíìmù ṣeé fi pamọ́. Ohun tí kò ṣeé fi pamọ́ ni owó tí wọ́n yá láti fi ṣe é, èyí tí èlé ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù, àti owó ìpolówó. Bí pátákó bá ti wà lójú títì, tí àwọn òṣèré sì ti ń lọ láti iléeṣẹ́ rédíò kan sí òmíràn, tí wọ́n wá yẹ ọjọ́ ìjáde, owó yẹn ti wọgbó, wọn yóò sì tún un ná nígbà tí ọjọ́ tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ni fíìmù James Bond kan, tó yẹ kó jáde ní oṣù Kẹrin 2020, fi tètè sún un ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé sinimá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣì wà ní ṣíṣí. Oṣù Kẹsàn-án 2021 ni ó tó jáde.

Ẹni tí kò bá lè dúró a máa wá ọ̀nà mìíràn. Ṣáájú àrùn náà, àdéhùn tó wà láàárín àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ńlá àti àwọn ilé sinimá ní Amẹ́ríkà ni pé fíìmù gbọ́dọ̀ lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú sinimá kí ẹnikẹ́ni tó lè wò ó nílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2020, iléeṣẹ́ Universal gbé fíìmù àwọn ọmọdé kan, Trolls World Tour, sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tó yẹ kó wọ sinimá, wọ́n sì ń yá a fún ènìyàn ní nǹkan bí ogún dọ́là. Bí ènìyàn bá ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ ẹni tó ni fíìmù. Bí ó bá yá a wò nílé, ìpín onífíìmù máa ń pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Inú bí AMC, ilé sinimá tó tóbi jù lọ níbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò ní í ṣàfihàn fíìmù Universal mọ́. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí àwọn méjèèjì fi fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó dín oṣù mẹ́ta náà kù sí ọjọ́ 17. Àrùn náà kọ́ ló dá ìjà yìí sílẹ̀, ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́; ohun tí àrùn náà ṣe ni pé ó gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ pé rárá.

Ní Nàìjíríà, ilé sinimá tí wọ́n tì ní oṣù Kẹta kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títí di nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, tí Èkó sì pàṣẹ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àga ni kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn jókòó sí. Ó dára kí a ṣírò rẹ̀. Bí yàrá kan bá gba ènìyàn 150, àádọ́ta péré ni yóò wọlé. Dísẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rọ amúnáwá kò mọ̀ pé àádọ́ta ni wọ́n, ẹ̀rọ amúlétutù kò sì mọ̀. Nínú owó àádọ́ta yẹn ni wọn yóò ti kọ́kọ́ yọ owó orí ọjà, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti ìdá márùn-ún sí ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, kí onísinimá àti onífíìmù tó pín èyí tó kù. Síbẹ̀, fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé tó jáde ní Kérésìmesì 2020 pa ju 600 mílíọ̀nù náírà lọ, ó sì borí gbogbo fíìmù Nàìjíríà tó ṣáájú rẹ̀. Ìyàlẹ́nu náà kò tó bó ṣe rí lójú: àwọn fíìmù ńlá ilẹ̀ òkèèrè tó máa ń gba yàrá lọ́wọ́ fíìmù ilé ni wọ́n ti sún síwájú, àyè sì ṣí.

Ẹni tó jókòó sí Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìpẹru kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìjà sinimá yìí lára, nítorí pé orí fóònù ni púpọ̀ nínú fíìmù Yorùbá ń bá a. Lórí YouTube, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpolówó ni ó ń dé ọwọ́ ẹni tó gbé fídíò gígùn síbẹ̀, àwọn olùpolówó sì ń sanwó lórí òǹwòran tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ju èyí tó wà ní Ṣàgámù lọ. Bí kónílé-ó-gbélé ṣe ń ti ilé sinimá pa ni ó ń fa òǹwòran tuntun wá fún irú ọjà bẹ́ẹ̀. Láyé Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ ò bá má rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ìgbà náà, láti ìparí àwọn ọdún 1970, ń tẹ̀lé ọ̀nà tí àwọn òṣèré alárìnjò ti là: wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, èrò sì ń pé jọ sínú gbọ̀ngàn láti wò ó. Bí wọ́n bá ti gbọ̀ngàn pa nígbà náà, fíìmù àti tíátà ìbá jọ kú lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni òde. Òde kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń bọ́ olórin àti àwọn onílù rẹ̀, alásè, alága ìdúró àti alága ìjókòó, oníkámẹ́rà, àwọn tó ń yá ènìyàn ní kánópì àti àga, aránṣọ, àwọn tó ń wé gèlè, àti àwọn obìnrin tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà. Owó àsansílẹ̀ ló so gbogbo wọn pọ̀. Olóde a san díẹ̀ lọ́wọ́ kan láti fi gba ọjọ́, olórin a sì fi owó yẹn tún gìtá ṣe tàbí kí ó fi san gbèsè òde tó ti kọjá. Nígbà tí ìjọba fòfin de àpéjọ, tí ìlànà oṣù Karùn-ún sì sọ pé kí àpéjọ má ju ogún ènìyàn lọ, ẹni tó ti sanwó ní kí wọ́n dá a padà, ẹni tó gbà á kò sì ní in lọ́wọ́ mọ́. Nínú irú àdéhùn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí àrùn bá dé, báyìí ni kí a ṣe é. Iléeṣẹ́ adójútòfò kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn tó ń ṣe ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon ní England ti ń san owó adójútòfò lórí àjàkálẹ̀ àrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà, nígbà tí wọ́n fagi lé ti 2020, wọ́n rí owó ńlá gbà. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n kódà lọ́hùn-ún.

Ọ̀pọ̀ gbìyànjú láti gbé òde lọ sórí fóònù, kí olórin kọrin ní yàrá, kí àwọn èrò sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Owó wọlé, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń náwó fún olórin ní òde ni ìdí rẹ̀: ẹni tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí ń náwó lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n, olórin sì ń ki bàbá rẹ̀ kí etí gbogbo ayé lè gbọ́. Bí ojú yẹn kò bá sí, a jẹ́ pé ìdí pàtàkì tí owó fi ń jáde kò sí. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú tún dá lọ́tọ̀. Mùsùlùmí a sin òkú rẹ̀ láìpẹ́, ìnáwó ọjọ́ kẹjọ tàbí ogójì ọjọ́ nìkan ni ó lè sún síwájú; ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ gbé òkú sí mọ́ṣúárì de ìgbà tí òde yóò ṣeé ṣe, owó mọ́ṣúárì sì ń jẹ nínú owó tó yẹ kó jẹ́ ti olórin.

Ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ló jẹ́ kí gbogbo èyí hàn ketekete. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é níwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, máa ń jáde nínú aṣọ kan náà, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin. Kò wáyé ní 2020, kò wáyé ní 2021, oṣù Keje 2022 ni ó tó padà. Aṣọ ṣeé tì sínú àpótí, bí ẹgbẹ́ bá ti ra tirẹ̀ sílẹ̀. Aláṣọ tó gbà wọ́n láyè láti máa san án díẹ̀díẹ̀ ni kò rí ibi kan dì mú, nítorí pé ẹgbẹ́ tí kò ní ọjọ́ tí yóò jáde kì í kánjú san owó. Ẹṣin ń jẹun, bóyá wọ́n gùn ún tàbí wọn kò gùn ún. Yàrá ilé ìtura tí kò gbàlejò lọ́jọ́ Iléyá kò ní lè gba àlejò ọjọ́ náà mọ́ láéláé.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ìṣòro mìíràn dé. Ìgbéyàwó tí wọ́n ti sún, ìsìnkú tí wọ́n ti sún àti ọjọ́ ìbí tí wọ́n ti sún jọ dá gìrọ́gìrọ́ lé Sátidé kan náà, olórin kan kò sì lè wà ní Ṣàgámù àti Àgó-Ìwòyè lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Owó iṣẹ́ wọn lè gòkè ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ìyẹn ṣe láǹfààní. Olórin tó ti ta gbohùngbohùn àti ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ nígbà kónílé-ó-gbélé ní láti yá ti ẹlòmíràn lò, owó tí ó sì ń san láti yá ẹ̀rọ yẹn ń jẹ èrè òde kọ̀ọ̀kan tán kí ó tó lè dá tirẹ̀ rà padà.