OTP tó ń wọlé sórí fóònù yín: ibo gan-an ni olè ti ń rí i gbà?

Ìbéèrè: Tí mo bá fi káàdì sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báǹkì á fi nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní OTP ránṣẹ́ sí fóònù mi. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà tó wà lára káàdì kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá di káàdì yín mú fún ìṣẹ́jú kan lè dà á kọ. Nítorí náà báǹkì ń wá ẹ̀rí kejì pé ẹ̀yin lẹ ń náwó yẹn lóòótọ́. 3-D Secure ni wọ́n ń pe ètò tó ń béèrè ẹ̀rí náà, Visa ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde, ní nǹkan bí ọdún 2001. Password kan náà ni èèyàn ń tẹ̀ níbi gbogbo nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé tiwọn. OTP kò ní wàhálà yẹn: ẹ̀ẹ̀kan péré ló wúlò, kì í sì í pẹ́ tó fi ń kú.

Ìbéèrè: Ṣé olè ò lè máa tẹ nọ́ńbà lóríṣiríṣi títí ọ̀kan á fi bọ́ sí i?

Ìdáhùn: Mílíọ̀nù kan ni nọ́ńbà mẹ́fà lè jẹ́, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ sì ni báǹkì máa gbà kéèyàn ṣì í tẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ pé kò láàbò tó?

Ìdáhùn: Ọ̀nà tó ń gbà wá ni. Oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ìkíni ọdún Kérésìmesì ló sì wà nínú rẹ̀. Ta ló ronú kan kọ́kọ́rọ́ àpò owó nígbà náà? SS7, èdè tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tún dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ò pọ̀, tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Ní ọdún 2017, àwọn olè kan ní Jámánì kọ́kọ́ jí password báǹkì àwọn èèyàn, wọ́n wá gba inú SS7 darí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn síbòmíràn, wọ́n sì kó owó wọn lọ. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì nìyẹn o, kì í ṣe ti káàdì, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ń gbà.

Èyí tí kò gba ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan ni ti síìmù. Olè á lọ bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, á ní fóònù òun sọnù, á fún wọn ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín, á sì ní kí wọ́n gbé nọ́ńbà òun sórí síìmù tuntun. Bí wọ́n bá ti gbà á gbọ́, tirẹ̀ ni gbogbo OTP yín. Nítorí náà, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣàdédé lọ lórí fóònù yín, tó sì wà lórí ti àwọn tó jókòó tì yín, ẹ yá fóònù wọn, kẹ́ ẹ sì pe báǹkì kíákíá.

Ìbéèrè: Èwo nínú wọn ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, kò sí nínú wọn. Ọwọ́ ẹni tó ni káàdì gan-an ni olè ti máa ń gbà á. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ẹ fẹ́ ra ìbòrí fóònù lórí ìkànnì kan tó ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì, ojú ìwé náà ń yí, ó ń yí, wọ́n ní kẹ́ ẹ ní sùúrù. Bó ṣe ń yí yẹn, ẹnì kan ń fi nọ́ńbà káàdì yín ra fóònù níbòmíràn. Báǹkì fi OTP ránṣẹ́, ojú ìwé náà ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ó parí.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti kìlọ̀ fún yín. Ọ̀pọ̀ báǹkì máa ń kọ iye owó àti orúkọ òǹtajà síbẹ̀. Iye ìbòrí kọ́ ló wà níbẹ̀, iye fóònù tuntun ni, orúkọ òǹtajà náà ò sì bá ti ìkànnì yẹn mu. Àmọ́ nọ́ńbà nìkan ni ojú wa ń wá. Àwọn fóònù kan tiẹ̀ ń bá wa gbé nọ́ńbà náà sí àyè rẹ̀ kí á tó ka nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ṣé ohun tó sàn jù ú wà?

Ìdáhùn: Bó bá wà nínú áàpù báǹkì yín kẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí ìsanwó níbẹ̀, ẹ lọ tàn án. Kò gba ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́, síìmù tí wọ́n jí gbé ò sì tó láti ṣí i. Àwọn báǹkì ńlá ní Singapore kéde lóṣù Keje ọdún 2024 pé àwọn máa yọ OTP kúrò nínú bí àwọn oníbàárà tó ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ṣe ń wọ àkáǹtì wọn. Bí báǹkì tiyín ò bá ní i, ẹ má pa OTP tì o. Ó ṣì sàn ju kó má sí nǹkan kan lọ.

Ìbéèrè: Ẹnì kan pè mí láti báǹkì, ó ní kí n ka OTP fún òun kí owó tí wọ́n ṣèèṣì yọ lè padà wọlé.

Ìdáhùn: Owó tó ń wọlé kì í béèrè OTP. Ẹ gé fóònù náà, kẹ́ ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì.