Ṣé adágún Jabi ń mí "májèlé àtijọ́" sí wa lára? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gáàsì inú omi

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ìròyìn jáde pé àwọn odò ayé ń tú kábọ́nù tó ti pẹ́ jọjọ sínú afẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń pààrọ̀ aṣọ lórí WhatsApp wa ní Abuja níbí. Ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí gbé àwòrán adágún Jabi dání, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tó ń sọ pé májèlé tó wà lábẹ́ omi láti ayé àwọn baba ńlá wa ti ń jáde, àti àdúrà gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan ní Kubwa ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìgbafẹ́ Sátidé létí omi ti parí. Mo ti kó ìbéèrè yín jọ. Ní ti àdúrà yẹn, mo ti ṣe àmín.

Ṣé lóòótọ́ ni odò ń tú gáàsì?

Lóòótọ́ ni. Gbogbo odò, láti ọjọ́ tí odò ti wà.

Gáàsì wo?

Èyí tó pọ̀ jù ni kábọ́nù dáyọ́ksáídì, èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí jáde, tó sì wà nínú mínírà. Ìkejì ni mítéènì, tó máa ń gbiná bíi gáàsì ìdáná. Méjèèjì kò ní àwọ̀, wọn kò sì ní òórùn. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́bàá gọ́tà, gáàsì mìíràn ni. A máa kàn án nísàlẹ̀.

Odò kì í ṣe ẹran, kì í ṣe èèyàn. Níbo ló ti rí ohun tó ń mí jáde?

Orí ilẹ̀ ni. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Ewé já bọ́, ó jẹrà. Gbòǹgbò ń mí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń jẹ ohun tó ti kú, àwọn náà ń mí. Nítorí èyí, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín yèèpẹ̀ máa ń ní kábọ́nù dáyọ́ksáídì ju afẹ́fẹ́ òkè lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Òjò á rọ̀, omi á rin wọlẹ̀, á gba àárín gáàsì yẹn kọjá, á sì kó o dání títí á fi sun jáde létí odò. Ọ̀gbàrá ní tiẹ̀ kì í ṣa ẹrù: ewé, ìgbẹ́ màlúù, yèèpẹ̀ oko, omi ìdọ̀tí ilé, gbogbo rẹ̀ ló ń gbá lọ. Bí wọ́n bá ti dénú odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ á tún dà bò wọ́n, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á sì máa mí.

Báwo ni gáàsì náà ṣe ń jáde? Ẹ wo ọmọ tó ń ta mínírà ní Nyanya nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa. Ìgò tó wà nínú yìnyín, bí ẹ bá ṣí i, á ṣe ṣìì, ó parí. Ìgò tí oòrùn ti pa, tí ọmọ náà sì ti gbé sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, á ru dà sí yín láṣọ. Omi tútù máa ń di gáàsì mú. Omi gbígbóná kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, omi tí wọ́n ń mì pàápàá kò ní. Ìdí nìyí tí odò tó ń sáré, tó ń forí sọ òkúta, fi ń yára tú gáàsì rẹ̀ ju omi tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Níbi tí omi Gurara ti ń já bọ́ láti orí àpáta lọ́nà Minna, ìdérí ìgò ló ń ṣí níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi hàn pé gbogbo omi orí ilẹ̀ ayé ń tú kábọ́nù tó tó bílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù lọ́dún ní kábọ́nù dáyọ́ksáídì nìkan. Odò àti ìsun ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ti adágún kéré sí i dáadáa. Ohun tí kò bá bá afẹ́fẹ́ lọ, á rì sínú ẹrẹ̀, tàbí kí ó bá omi dé òkun.

Kí wá ni "kábọ́nù àtijọ́" yìí? Ta ló rì í?

Kò sẹ́ni tó rì í. Josh Dean ti Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú iṣẹ́ ìwádìí tó bí ìròyìn oṣù kẹfà yẹn, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ló sì gbé e jáde. Wọ́n kó ohun tí àwọn èèyàn ti wọ̀n láti ibi tó lé ní 700 lára àwọn odò ní orílẹ̀-èdè 26 jọ, wọ́n sì bi kábọ́nù kọ̀ọ̀kan léèrè ọjọ́ orí.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń bi í. Gbogbo ohun tó bá wà láàyè ló ní irú kábọ́nù kan lára tí wọ́n ń pè ní kábọ́nù-14. Bí nǹkan náà bá ti kú, kábọ́nù-14 ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ, ìdajì rẹ̀ á lọ láàárín nǹkan bí ọdún 5,730. Ẹni tó bá wọn ìyókù á mọ ìgbà tó ti kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti ń rò tẹ́lẹ̀ ni pé ewé èṣí àti ewé ọdún yìí ló ń di gáàsì inú odò. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 wá láti inú ilẹ̀ jíjìn, níbi tó ti wà fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí láti inú òkúta tó ti lo mílíọ̀nù ọdún.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ ro ìyá ọlọ́jà kan tó gbà pé èrè òní lòun fi ń se ọbẹ̀, tó wá ṣí àpótí, tó rí i pé owó àjọ ló ti ń lọ. Ọbẹ̀ náà kò korò. Àpótí ni kò pé mọ́. Àwọn onímọ̀ ti ń ka kábọ́nù inú ilẹ̀ jíjìn sí owó tó wà nípamọ́; wọ́n wá rí i pé odò ti ń bù níbẹ̀. Àmọ́ gáàsì tó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún àti èyí tó jáde lánàá, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú imú èèyàn. Ọ̀rọ̀ májèlé kò sí nínú iṣẹ́ wọn. Orí WhatsApp ló ti bá a pàdé.

Ṣé odò wá burú ju jẹnẹrétọ̀ mi lọ ni?

Ẹ má fi odò bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Epo, gáàsì àti èédú tí aráyé ń jó ń tú kábọ́nù tó tó bílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú ohun tí odò ń tú sílẹ̀ jẹ́ ohun tí ewé ti fà mu láti inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀: ó lọ, ó bọ̀. Kábọ́nù inú pẹtiróò kò sí nínú lílọ-bíbọ̀ yẹn rárá, àwa la wà á jáde.

Mítéènì ńkọ́?

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ní ìwọ̀n kan náà, mítéènì ń mú ayé gbóná ju kábọ́nù dáyọ́ksáídì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún 100 ọdún. Àánú kan tó wà níbẹ̀ ni pé kì í pẹ́ lójú ọ̀run, bí ọdún 12 péré.

Ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ ló ti ń wá, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò lè dé. Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Kuje. Ó fi ọ̀pá ìwọnmi gún ìsàlẹ̀ pọ́ǹdù rẹ̀ kan tó ti dúdú. Ọ̀pá náà rì wọnú ẹrẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Nígbà tó fà á yọ, omi ibẹ̀ ru gbùlùgbùlù, èéhó ńlá àti kékeré tò tẹ̀léra wọn wá sókè, wọ́n ń bẹ́ lójú omi. Mo ní kí n da ìgò kún fún omi, kí n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lé e lórí, kí n fi gbà á, kí n sì ṣá iná sí i. Ó ní kí n lọ ṣe é nílé mi. Alessandro Volta, ará Ítálì, kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀: ní 1776 ó rú ẹrẹ̀ létí adágún Maggiore, ó gba gáàsì náà, ó sì rí i pé ó ń jó. Báyìí ni aráyé ṣe mọ mítéènì.

Adágún ńlá ló yẹ ká bẹ̀rù jù, àbí?

Òdìkejì ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Yunifásítì Yale ṣírò rẹ̀ ní 2016: àwọn omi kéékèèké tí kò tó 1,000 mítà níbùú-lóòró, tí kò tó plọ́ọ̀tì méjì, kò ju ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ilẹ̀ tí adágún gbogbo bò láyé. Síbẹ̀, nínú mítéènì tó ń rọra yọ́ gba ojú adágún jáde, àwọn ló ni nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Omi wọn kò jìn, ẹrẹ̀ wọn sún mọ́ òkè, ewé ń wọ̀ wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Nínú omi jíjìn, àwọn kòkòrò kan wà lójú ọ̀nà tí mítéènì jẹ́ oúnjẹ wọn. Púpọ̀ kì í dókè. Nínú kòtò tí wọ́n ti wa yèèpẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé yín, ta ni ó fẹ́ dá a dúró?

Ṣé iná Kainji àti Shiroro kò mọ́ mọ́ nìyẹn?

Ó mọ́ ju ti díísù lọ, kò sì mọ́ tó bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Bí wọ́n bá sé odò, igi, koríko àti ilẹ̀ oko á rì, wọ́n á jẹrà lábẹ́ omi, ọdún àkọ́kọ́ ló sì máa ń le jù. Kainji ti sé láti 1968, omi ti bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, àwọn ará ibẹ̀ ti kó lọ sí New Bussa. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tó máa jẹrà níbẹ̀ ti jẹrà tipẹ́. Iná tí ilẹ̀ tó rì mú wá tún ṣe pàtàkì. Balbina ní Brazil ri igbó tó lé ní 2,000 kìlómítà níbùú-lóòró nítorí mẹ́gáwáàtì 250. Kainji gba nǹkan bí 1,300, wọ́n sì kọ́ ọ fún 760. (Pé ṣé mẹ́gáwáàtì 760 náà ń dé ilé yín, ẹ bi ẹlòmíì.)

Ẹ tún wo ewéko tó ń bo omi. Àwọn àgbà ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Wọn kò mọ̀ pé àlejò aláwọ̀ àlùkò kan ń bọ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth, tó dé ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1980. Bó bá kú, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí, ẹrẹ̀ á sì rí oúnjẹ.

Ṣé kí wọ́n kúkú fa omi náà gbẹ?

Rárá. Ẹrẹ̀ tí oòrùn bá ń pa á tún máa ń tú kábọ́nù dáyọ́ksáídì tirẹ̀.

Ṣé Jabi lè pa èèyàn lóru bíi ti Cameroon?

Kò lè ṣẹlẹ̀. Mo máa ṣàlàyé èyí dáadáa, torí pé òun ló wà lẹ́yìn gbogbo ìbẹ̀rù yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, adágún Nyos ní Cameroon tú kábọ́nù dáyọ́ksáídì jáde gììrì. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣàn gba àfonífojì bí omi, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,700 àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ọ̀sìn. Ọdún méjì ṣáájú, adágún Monoun ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ti pa èèyàn 37. Àwọn méjèèjì jókòó sórí òkè ayọnáyèéfín. Gáàsì ń wá láti abẹ́ ilẹ̀, ó ń kó jọ nísàlẹ̀ omi tó jìn ju 200 mítà lọ ní Nyos, tí kì í dà pọ̀ mọ́ ti òkè. Jabi kò ní òkè ayọnáyèéfín lábẹ́. Omi tí wọ́n sé ni, atẹ́gùn sì ń rú u.

Ẹ̀yin ará wa ní Takum ni ọ̀rọ̀ Nyos kàn, ti omi ló sì kàn yín, kì í ṣe ti gáàsì. Odò Katsina-Ala ni omi Nyos ń bá wọ Nàìjíríà, nítorí náà ni ìjọba ṣe kọ́ ìdídò Kashimbila, kí ó lè gba omi dúró bí etí adágún náà bá ya. Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù sínú Nyos, tí gáàsì ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀.

Ṣé a ṣì lè jẹ ẹja Jabi?

Gáàsì kì í gbé inú ẹja. Gọ́tà tó ń ṣàn wọbẹ̀ ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀.

Mo ń sin ẹja. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dín oúnjẹ tí ẹ ń dà sí i kù. Ohun tí ẹja kò bá jẹ, ẹrẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti kó ẹja tán, ẹ wa ẹrẹ̀ dúdú náà jáde kí ẹ tó tún pọn omi sí i, ẹ gbé e lọ sí oko ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá rí i tí ẹja ń la ẹnu sókè ní ìdájí, ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nísàlẹ̀ nìyẹn, mítéènì sì ti ń ṣe ọdún.

Ṣé kò wá sí nǹkan kan tó yẹ ká bẹ̀rù?

Ó wà, ẹ̀yìnkùlé yín ló sì wà. Kànga jíjìn àti kòtò ìdọ̀tí ilé ni gáàsì ti ń pa èèyàn ní tòótọ́. Kábọ́nù dáyọ́ksáídì máa ń rọ́ sísàlẹ̀ kànga. Gáàsì olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan máa ń wà nínú kòtò ìdọ̀tí, bó bá sì pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn tún máa ń gbé pọ́ǹpù elépo sọ̀ kalẹ̀ láti fa omi kànga, èéfín rẹ̀ á sì kún inú ihò. Ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ lókè.

Àwọn agbẹ́kàǹga máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bó bá kú, wọn kò ní wọ̀ ọ́. Àmọ́ kò lè fi gbogbo gáàsì hàn, nítorí náà àtùpà tó ṣì ń jó kò túmọ̀ sí pé kò séwu. Ẹ má ṣe dán an wò nínú kòtò ìdọ̀tí, mítéènì wà níbẹ̀. Bí ẹni tó wọlé bá sì dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ fi okùn fà á bó bá so ó mọ́ra, ẹ pe 112, kí ẹ sì di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, torí pé òun ló máa kọ́kọ́ fẹ́ wọlé.