Ìdí Tí Ọkàn Wa Fi Ń Fà Sí Ẹni Tiwa Ju Àjèjì Lọ

Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà lórí òkè ní California tó jẹ́ pé inú ihò ilẹ̀ ló ń gbé. Bó bá rí ẹranko tó fẹ́ pa wọ́n jẹ, á nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á sì figbe ta. Igbe yẹn léwu, torí ó ti fi ibi tó wà han ọ̀tá. Nínú ìwádìí tí Paul Sherman, onímọ̀ nípa ẹranko, gbé jáde lọ́dún 1977, ó rí i pé abo tí ìyá, ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ wà nítòsí ló máa ń ké jù. Akọ, tó máa ń fi ibi tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, kì í sábà ké.

Ohun tó ń ti abo yẹn ló ń ti àwa náà. Ọmọ ń jogún apilẹ̀ àbùdá, èyí tó ń pinnu bí ara ṣe máa rí, lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Nítorí náà, ọmọ ìyá ọmọ bàbá ń pín nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n jogún. Ọbàkan àti iyèkan, ìdá kan nínú 4. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, láàárín ara wọn, ìdá kan nínú 8. Lọ́dún 1964, W. D. Hamilton, onímọ̀ nípa ohun alààyè, fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀: bí ẹnì kan bá kú kí àbúrò rẹ̀ mẹ́ta lè yè, apilẹ̀ tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀ ṣì lè wà lára àwọn tó yè. Bó bá jẹ́ àjèjì ló kú fún, ó ṣeé ṣe kí apilẹ̀ náà bá a wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣírò kó tó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra? Kò sẹ́ni tó lè fojú rí apilẹ̀ àbùdá. Ẹni tá a jọ dàgbà, ẹni tá a rí lọ́mú ìyá wa, òun ni ọkàn ń kà sí ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìfẹ́ ọmọ tí a gbà tọ́ fi ń jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojúlówó ìfẹ́ sì ni.

Ọ̀rẹ́ ńkọ́? Robert Trivers, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ohun alààyè, ṣàlàyé tiẹ̀ lọ́dún 1971: oore tí a ń san fún ara wa. Ẹ wo àdán amùjẹ̀ ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Bí ebi bá pa á fún òru bíi mélòó kan, ó lè kú. Èyí tó ti yó á pọ ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu, pàápàá bó bá jẹ́ pé èyí tí ebi ń pa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí.