Bí Detroit Ṣe Kún, Tí Èrò Rẹ̀ Fi Dà Sí Òdìkejì Ààlà

Ọdún 1950 ni Detroit kún jù. Ènìyàn 1,849,568 ni ìjọba Amẹ́ríkà kà níbẹ̀ lọ́dún náà, iye yẹn kò sì tún pé mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n kà á ní 2020, ó ku 639,111. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á ní ìlú ti tú. Èmi ò gbà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rìn jìnnà, ààlà ìlú ni wọ́n kọjá.

Ará Faransé kan, Cadillac, ló tẹ ibẹ̀ dó lọ́dún 1701, létí omi tóóró tó so adágún méjì pọ̀. Omi tóóró yẹn gan-an ni orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí lédè wọn. Fún nǹkan bí igba ọdún, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà. 285,704 ni wọ́n ní 1900. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní 1913, ní Highland Park, ìlú kékeré tí Detroit yí ká, Henry Ford tún iṣẹ́ tò débi pé ọkọ̀ ló ń wá bá òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ á dúró sójú kan, á máa dé nọ́ọ̀tì kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ náà sú wọn, wọ́n ń fi í sílẹ̀. Ni Ford bá kéde lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1914 pé dọ́là 5 lòun á máa san lóòjọ́, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì owó tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Èrò bá ń wọ́ tìtì láti Poland, láti Ítálì, àti àwọn aláwọ̀ dúdú láti Alabama àti Georgia tí wọ́n ń sá fún ìyà. Ní 1930, wọ́n ti di 1,568,662.

Ṣùgbọ́n ilé ò kárí. Ní 1941, ẹnì kan fẹ́ kọ́lé tà fún àwọn aláwọ̀ funfun nítòsí Eight Mile, tó jẹ́ ààlà Detroit lápá àríwá, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń dúró fún ẹ̀yáwó ilé kọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé náà wá mọ ògiri kọnkéré sáàárín àdúgbò méjèèjì, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, gígùn rẹ̀ tó ìdajì máìlì. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ògiri náà ṣì dúró títí dòní; àwọn ará àdúgbò ti ya àwòrán aláwọ̀ mèremère sára apá kan rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé ògiri tí àgbàlagbà lè nàgà wo òdìkejì rẹ̀ ló pinnu ẹni tó máa rí ẹ̀yáwó gbà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ kó àwọn aláwọ̀ funfun lọ sílé tuntun lẹ́yìn ààlà, òpópónà márosẹ̀ là, ilé-iṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò. Wọ́n wó Black Bottom, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, kí ọ̀kan nínú àwọn òpópónà náà lè kọjá. Wọ́n máa ń sọ pé rògbòdìyàn 1967, tó pa ènìyàn 43, ló tú Detroit ká. Ó dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 1960 iye náà ti wálẹ̀ sí 1,670,144.

Chicago, Philadelphia, Cleveland, Baltimore àti St. Louis náà kún jù ní 1950. St. Louis ti ya ara rẹ̀ kúrò lára káńtì rẹ̀ (agbègbè ìjọba tó yí i ká) láti 1876, kò sì lè fẹ̀ mọ́. Houston gba ilẹ̀ àyíká mọ́ra ní tirẹ̀, iye rẹ̀ sì ń gòkè. Tá a bá ka Detroit mọ́ àwọn ìlú tó yí i ká, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 4.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjọba kéde pé iye ará Detroit ti fi ènìyàn 1,852 pọ̀ sí i láàárín ọdún kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 1957.