Tápẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́ kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì tó sàn

"Ẹ bá mi pa ariwo yẹn." Ohun tí ọlọ́kadà máa ń sọ fún mẹkáníìkì nìyẹn bí orí ẹ́ńjìnì bá ti ń lu kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, láti Láfẹ́ńwá dé Ọbáńtokò, ìtọ́jú kan náà ni wọ́n sábà máa ń fún un: wọ́n á ṣí orí ẹ́ńjìnì, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì, wọ́n á yí súkúrù tápẹ́ẹ̀tì (súkúrù ẹnu rọ́kà tó ń tẹ fáàfù) wọlé títí ariwo á fi lọ, wọ́n á sì dè é pa. Oníbàárà á gbọ́ bó ṣe dákẹ́, á sanwó, á gùn ún lọ. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ariwo gan-an ni àìsàn. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnì tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń dún díẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n fún pa lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Honda CG125 ṣàlàyé, torí òun àti àwọn ti Ṣáínà tí wọ́n fi àwòṣe rẹ̀ ṣe ṣì ń rìn nígboro. Ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde. Káàmù rẹ̀, irin oníigun tó ń yí láti ṣí fáàfù, kò sí lókè, ìsàlẹ̀ ló wà, igun káàmù kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́ fún fáàfù méjèèjì, èyí tó ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń tú èéfín síta. Káàmù á gbé fọ́lówà, fọ́lówà á ti púṣì rọ́ọ̀dù sókè, rọ́ọ̀dù á ti rọ́kà, rọ́kà á tẹ fáàfù. Láàárín ẹnu súkúrù rọ́kà àti ìdí fáàfù, 0.08 mm ni àlàfo tó yẹ kó wà, fáàfù méjèèjì bákan náà, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá. Irin máa ń gùn bó bá gbóná, gbogbo wọn kì í sì í gùn bákan náà. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyẹn ni àlàfo náà, òun náà ló sì ń fa ohùn tíkí-tíkí fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Bí ẹ bá gba àlàfo yẹn tán, fáàfù kò ní lè padé dáadáa mọ́, bí ilẹ̀kùn tí bàtà há sí lẹ́nu. Fáàfù èéfín ló sì ń kọ́kọ́ kú. Inú iná ló wà, ibi tó ti ń rí ìtutù jù ni síìtì tó ń jókòó lé; bí kò bá jókòó tán, ooru kò ríbi gbà jáde, iná á máa gba etí rẹ̀ kọjá títí yóò fi jó láfọ́. Kíkì á wá fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, màṣíìnì á ṣòro láti jí bó bá ti gbóná, bó bá sì gbé èrò méjì dojú kọ òkè (òkè kì í sì í tán ní Abẹ́òkúta) kò ní lè gùn ún. Bó bá jẹ́ fáàfù tó ń gba epo wọlé ni, kabúrétọ̀ á máa sín. Wọ́n á pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n á fọ kabúrétọ̀, wọ́n á ra ríìngì písítìn, owó á máa lọ. Kẹ́ ẹ tó ra ríìngì, ẹ da ọ́ìlì bíi 5 ml sí ojú ihò pílọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tún ta kíkì. Bó bá le sí i, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá yí padà, ẹ yẹ fáàfù wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí fáàfù ṣe ń jẹ síìtì rẹ̀ wọlé, àlàfo náà máa ń dín kù fúnra rẹ̀, láìdún rárá. Nítorí náà, màṣíìnì tó ń dún tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án ni kẹ́ ẹ tètè ṣí.

Kí ló wá dé tí ariwo kì í lọ nígbà míì, nígbà tí fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, sọ pé àlàfo pé? Ẹnu súkúrù ti jẹ kòtò ni. Pẹlẹbẹ ni gééjì, etí kòtò ló ń gbé e dúró, ìdí fáàfù sì ń wọ inú kòtò lọ. Àlàfo gidi ti ju ohun tí gééjì kà. Ẹni tó bá ń fi bébà wọ̀n ọ́n tún burú jù: bébà fọ́tókọ́pì lásán tó 0.1 mm, ó sì ń rọ̀ bí ọ́ìlì bá kàn án. Súkúrù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi fáìlì ha á: awọ òkè rẹ̀ nìkan ni wọ́n sè le, bẹ́ ẹ bá ti ha á kọjá, kíá ló máa tún jẹ.

Ẹ yẹ ìdí fáàfù náà wò. Bó bá ti fẹ̀ bí orí ìṣó tí wọ́n lù, ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ yọ etí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ya gáìdì, ihò tí fáàfù ń gbà kọjá. Ẹ di rọ́kà mú, ẹ mì í sókè-sílẹ̀: bó bá ń jó lórí píìnì rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti jẹ. Ẹ yí púṣì rọ́ọ̀dù lórí gíláàsì, èyí tó bá ń tàkìtì ti wọ́. Bí ẹsẹ̀ fọ́lówà bá ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ pààrọ̀ òun àti káàmù pọ̀. Tuntun lórí ògbólógbòó, wọ́n á jẹ ara wọn. Igun káàmù tó bá sì ti jẹ kò ṣeé fi súkúrù tún ṣe, torí súkúrù kò lè dá gíga tó sọnù padà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù mọ́jú. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ìdérí apá òsì, ẹ yí ẹ́ńjìnì títí àmì T á fi bá àmì ara ẹ́ńjìnì mu. Rọ́kà méjèèjì gbọ́dọ̀ tú; bí ọ̀kan bá le, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Gééjì 0.08 gbọ́dọ̀ máa wọ́ díẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń fà á. Ẹ di súkúrù mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá le, torí nọ́ọ̀tì máa ń gbé súkúrù yí.

Bẹ́ ẹ bá lọ fáàfù mọ́ síìtì pẹ̀lú péèsìtì ìlọfáàfù, àmì aláwọ̀ eérú tó yí i ká kò gbọ́dọ̀ já níbì kankan. Ẹ fọ péèsìtì dànù tán. Lílọ náà ń mú kí fáàfù wọlé díẹ̀, nítorí náà ẹ tún àlàfo sẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ da ọ́ìlì tó ki tàbí oògùn ọ́ìlì mọ́tò sí i kó lè dákẹ́. Ọ́ìlì tó ki jù ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rọ́kà láàárọ̀, ibẹ̀ náà sì ni rọ́kà ti ń jẹ. Oògùn mọ́tò míì ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì màṣíìnì máa yọ̀, torí ọ́ìlì kan náà ni òun àti ẹ́ńjìnì jọ ń lò.

Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì lẹ ó máa fura sí nígbà gbogbo. Gásíkẹ́ẹ̀tì sàléńsà tó ń jò máa ń lu kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi ìdí súkúrúdíráfà gígùn sí etí, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ìdérí rọ́kà. Bí ariwo kò bá le níbẹ̀, ẹ wo ẹnu sàléńsà bóyá èéfín ti kun ún dúdú.